Odindi Ọ̀rọ̀ Ni Kí O Bá A Sọ

Ọmọ mi, mo gbọ́ pé o ò rí oorun sùn mọ́. O ti rí ẹni tí ọkàn rẹ fẹ́, ẹni náà sì ti gbà kí ẹ pàdé lọ́jọ́ Sátidé. Ọ̀rọ̀ ayọ̀ ni. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ Ajé ni àyà rẹ ti ń já. Oúnjẹ ò wọ ọ̀fun. O ń bi ara rẹ pé: kí ni màá kọ́kọ́ sọ? Ṣé kí n wò ó lójú? Tó bá rẹ́rìn-ín, ṣé inú rẹ̀ dùn ni àbí ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́? Kó tó di ọjọ́ Ẹtì, o ti ń wá irọ́ tí wàá pa kí o má baà lọ.

Àwọn ará ilé ní ojo ni ọ́. Wọ́n ní ṣé nítorí kí ènìyàn méjì jọ mu ẹlẹ́rìndòdò náà ni gbogbo èyí? Wọn ò mọ̀. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run.

Ìwọ mọ ohun tó ń ṣe ọ́. Dókítà ti sọ fún ọ pé ọ́tísíìmù ni, tàbí kó jẹ́ pé ìwọ fúnra rẹ lo kà nípa rẹ̀ títí o fi bá ara rẹ pàdé níbẹ̀. Ariwo a máa gún ọ létí. Aṣọ tó bá ń ta ọ́ lára lè ba odindi ọjọ́ kan jẹ́ fún ọ. Ẹni tó bá ní "màá pè ọ́", ìwọ a máa retí ìpè náà títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ọ̀rọ̀ tí àwọn ẹlòmíì ń fi ojú àti ètè sọ síra wọn, ó ń kọjá lórí rẹ.

Mo ti tọ́ ọmọ, mo ti bá ọmọ ọlọ́mọ wá ìyàwó, mo ti bá wọn wá ọkọ. Ohun tí mo rí ni mo fẹ́ sọ fún ọ. Ìfẹ́ fúnra rẹ̀ kọ́ ló ń dẹ́rù bà ọ́. Ohun tí kò dájú nínú rẹ̀ ni. Àwọn oníṣègùn náà ti rí i pé ohun tí kò dájú wà lára ohun tó máa ń dá ìpayà sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ẹni tó ní ọ́tísíìmù. Oògùn rẹ̀ ni pé kí o sọ odindi ọ̀rọ̀, kí o bèèrè odindi ọ̀rọ̀, kí o má sì kánjú.

Mo mọ òwe tí wọ́n ti pa fún ọ láti kékeré. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dénú rẹ̀ a di odindi. Wọ́n tún ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Òwe àgbà ni méjèèjì. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá sọ àbọ̀ fún ìwọ, àbọ̀ náà ni yóò wà níbẹ̀, tí yóò máa jẹ ọ́ lọ́kàn. Ìyẹn ò yọ ọ́ kúrò nínú ọmọlúàbí. Ọmọlúàbí ni ẹni tó ń sọ òtítọ́, tó ń pa àdéhùn mọ́, tí kì í fi ọmọ ọlọ́mọ ṣeré. Mo ti rí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lára irú yín ju bí mo ṣe rí i lára ọ̀pọ̀ ẹlẹ́nu dídùn lọ.

Ẹ jẹ́ ká sọ ti ojú yẹn. Nílé wa, ọmọ tó bá tẹjú mọ́ àgbà, aláfojúdi là ń pè é. Ọmọ tó bá wolẹ̀ nígbà tí wọ́n ń bá a sọ̀rọ̀, a ó ní ó gbẹ̀kọ́. Àwọn dókítà ilẹ̀ òkèèrè ka àìwojú ènìyàn mọ́ àmì ọ́tísíìmù. Ní agboolé tiwa, ìwà rere ni wọ́n kà á sí, ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni ò fi fura sí ọ. Àfi ìgbà tí o dẹnu ìfẹ́ kọ ẹnì kan tí wọ́n wá ń bèèrè ojú lọ́wọ́ rẹ.

Ọmọbìnrin kan wà ní Òkè Pópó ní Èkó, mo mọ ìyá rẹ̀. Ọjọ́ tí òun àti ọmọkùnrin kan kọ́kọ́ jókòó, kò jẹ́ kó pẹ́ kó tó là á mọ́lẹ̀. Ó ní, "Tí mi ò bá wò ọ́, mò ń gbọ́ ọ. Tí mo bá tẹjú mọ́ ọ, mi ò ní gbọ́ nǹkan kan nínú ohun tó ò ń sọ." Ọmọkùnrin náà ronú díẹ̀. Ló bá dìde, ó gbé àga rẹ̀ wá sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Àwọn méjèèjì kọjú sí títì, wọ́n ń wo àwọn tó ń kọjá, wọ́n ń sọ̀rọ̀. Wákàtí méjì ni wọ́n lò níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló yanjú ohun tí ì bá fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pa á lẹ́kún.

Kí ẹnikẹ́ni má sì tàn ọ́ pé èpè ni, tàbí pé àwọn ayé ló wà nídìí ẹ̀. Bí wọ́n ṣe bí ọ nìyẹn. Ní ọdún 1943 ni dókítà Leo Kanner kọ̀wé nípa ọmọ mọ́kànlá kan tó ní in ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún tó tẹ̀lé e, Hans Asperger kọ tirẹ̀ ní Vienna. Àwọn kan ní àrùn òyìnbó ni. Irọ́ ni. Ní ọdún 1978, oníwádìí kan, Victor Lotter, tẹ ìwádìí tó ṣe nílẹ̀ Áfíríkà jáde. Orílẹ̀-èdè mẹ́fà ló dé, Nàìjíríà wà lára wọn, ó sì bá àwọn ọmọ tó ní in pàdé. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2021, nǹkan bí ẹnì kan nínú ènìyàn 127 ló ní in láyé. Dúró sí Ìdúmọ̀tà lọ́sàn-án ọjọ́ kan kí o wo èrò tó ń kọjá. Ṣé o rò pé ìwọ nìkan ni?

Láti ọdún 2008 ni ayé ti ń ya ọjọ́ kejì oṣù kẹrin sọ́tọ̀ fún ọ̀rọ̀ ọ́tísíìmù. Bí ọjọ́ náà bá dé, ọ̀rọ̀ ọmọ kékeré ló máa ń pọ̀ jù lẹ́nu àwọn ènìyàn: ọmọ tí kò sọ̀rọ̀, ọmọ tí kò gbádùn eré. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ náà ń dàgbà. Wọ́n ń hu irùngbọ̀n, wọ́n ń yọ ọmú, ọkàn wọn ń fẹ́ ẹni tí wọn yóò jọ máa jẹun alẹ́. Ta ló ń bá wọn sọ ìyẹn? Ìdí tí mo fi pè ọ́ jókòó nìyí.

Gbọ́ èyí dáadáa, nítorí ó máa gbé ẹrù kan kúrò lórí rẹ. O ti gbà pé ìwọ lo máa ń ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Damian Milton, ọ̀mọ̀wé kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí òun náà ní ọ́tísíìmù, kọ ọ́ sílẹ̀ ní ọdún 2012 pé àìgbọ́ra-ẹni-yé yìí kì í wá láti ẹ̀gbẹ́ kan. Bí o kò ṣe mọ inú wọn, bẹ́ẹ̀ ni àwọn náà ò mọ inú rẹ. Ní ọdún 2020, Catherine Crompton àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Edinburgh tẹ ìdánwò kan jáde. Wọ́n to ènìyàn tẹ̀lé ara wọn, wọ́n sọ ìtàn fún ẹni àkọ́kọ́ kó sọ ọ́ fún èkejì, títí dé ẹni ìkẹyìn. Níbi tí gbogbo wọn ti ní ọ́tísíìmù, ìtàn náà dé dáadáa. Níbi tí kò ti sí ẹnikẹ́ni tó ní in, ó dé dáadáa bákan náà. Ibi tí wọ́n ti lú wọn pọ̀ ni ọ̀rọ̀ ti jábọ́ jù.

Ṣó o rí i? Etí rẹ ò dí, ahọ́n rẹ ò sì wúwo. Ọ̀nà tí ẹ̀yin méjì ń gbà sọ̀rọ̀ ló yàtọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ọ dénú yóò kọ́ tìrẹ, ìwọ náà yóò kọ́ tirẹ̀. Bí ẹnì kan bá ní ìwọ nìkan ni kó máa kọ́, tí òun ò ní kọ́ nǹkan kan, kò tí ì múra tán láti fẹ́ ọ.

Àwọn ọ̀dọ́ òde òní rò pé sísọ ọ̀rọ̀ síta ń ba adùn ìfẹ́ jẹ́. Ẹ bi wá léèrè. Láyé àwọn baba wa, wọn kì í fi ìfẹ́ ṣe àlọ́. Ìfojúsóde wà. Alárinà wà. Ìwádìí wà. Ìjọ́hẹn wà, ìtọrọ wà, ìdána wà. Ìpele kọ̀ọ̀kan ló ní orúkọ, oníkálùkù sì mọ èyí tí ọ̀rọ̀ dé. Bí ojú bá ń ti ọmọkùnrin, ó lè fi owó ẹyọ mẹ́fà pàrokò: ọkàn òun fà sí ọ. Bí wọ́n bá fi mẹ́jọ dá a lóhùn, ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì ti jọ. Ó mọ ohun tó rán, ó mọ ohun tó gbà. Kò sí pé ó ń sùn, ó ń jí, ó ń ṣírò ìtumọ̀ ẹ̀rín.

Nítorí náà, wá alárinà tìrẹ. Kó jẹ́ àbúrò ìyá rẹ, ọ̀rẹ́ tó mọ̀ ọ́ dáadáa, tàbí ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ tí ẹnu rẹ̀ kì í yọ. Kò ní bá ọ fẹ́ ẹni náà. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó sọ fún ọ pé, "Ohun tó sọ lánàá yẹn, àwàdà ni," tàbí "Ó ti rẹ̀ ẹ́, má pè é mọ́ lónìí." Kó sì lè sọ fún ẹnì kejì pé, "Bó ṣe dákẹ́ yẹn, inú kọ́ ló ń bí i." Ojú á máa tì ọ́ láti bèèrè. Abèèrè kì í ṣìnà, ọmọ mi. Kò ní rí bẹ́ẹ̀ títí ayé náà. Bí ẹ bá mojú ara yín tán, alárinà á yẹ̀bá.

Ó kan ọ̀rọ̀ ibi tí ẹ ó ti pàdé. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní àdúgbò wa mú ọmọbìnrin lọ síbi tí wọ́n ti ń ta ẹran sísun lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, nítorí ibẹ̀ ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń lọ. Gbohùngbohùn méjì ló kọjú síra wọn níbẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ ń dún lẹ́yìn ilé. Èéfín ń wọ ọmọkùnrin náà lójú, ọlọ́kadà ń fun fèrè. Ọmọbìnrin náà ń sọ̀rọ̀, ohun tó ń wọ etí ọmọkùnrin ò ju ariwo lọ. Ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ó dìde, kò dágbére, ó gba ilé lọ. Ọmọbìnrin yẹn rò pé òun ló ṣẹ̀ ẹ́. Lọ́jọ́ kejì ni ọmọkùnrin náà wá sọ́dọ̀ mi pẹ̀lú omi lójú.

Mo ní kó kọ̀wé sí i, kó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an, kó tọrọ àforíjì, kó sì dárúkọ ibòmíràn. Freedom Park ló dárúkọ, ní Broad Street, lọ́sàn-án. Ọgbà ẹ̀wọ̀n ni ibẹ̀ láyé ìjọba òyìnbó. Ọdún 2010 ni wọ́n ṣí i gẹ́gẹ́ bí ọgbà ìgbafẹ́. Lálẹ́, nígbà tí àwọn olórin bá dé, kò yàtọ̀ sí ibòmíràn. Lọ́sàn-án, igi wà, àga wà, ènìyàn lè gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Ó lọ wo ibẹ̀ ní òun nìkan ṣáájú, ó yan ibi tí wọ́n máa jókòó. Ó sọ fún ọmọbìnrin náà pé aago méjì ni wọ́n á pàdé, aago mẹ́rin ni wọ́n á túká. Aago mẹ́rin yẹn ló fi ọkàn rẹ̀ balẹ̀ jù. Ẹni tó bá mọ ìgbà tí nǹkan máa parí, ó lè fara da àárín rẹ̀.

Ìwọ náà ṣe bẹ́ẹ̀. Bí o bá ti kó lọ sí apá Mile 2, tí igbe kọ̀ńdọ́kítọ̀ bá ti máa ń dà ọ́ láàmú kó o tó dé Èkó, reluwé tó bẹ̀rẹ̀ sí í ná Marina láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2023 wà níbẹ̀. Wọ aṣọ tí ara rẹ ti mọ̀. Jẹun díẹ̀ kó o tó kúrò nílé. Bí ọjọ́ kejì bá dé, sinmi. Ó máa rẹ̀ ọ́, kódà bó bá dùn. Má fi iṣẹ́ mìíràn sí ọjọ́ náà.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó ni ọ́. O mọ̀ pé bí Ẹ̀yọ̀ bá máa jáde, wọ́n á ti kéde òfin rẹ̀: a kì í wọ bàtà níwájú rẹ̀, a kì í fa sìgá, obìnrin kì í di ṣùkú. Kò sí ọmọ Èkó tó ń bínú pé wọ́n sọ fún òun ṣáájú. Ẹni tí wọn ò sọ fún, tó jẹ ọ̀pá ọ̀pámbàtà lọ́wọ́ Ẹ̀yọ̀, òun ló ń bínú. Kí ló wá dé tí o fi rò pé ẹni tó fẹ́ràn rẹ máa bínú bí o bá sọ fún un pé ariwo ń ni ọ́ lára, àti pé o kì í fẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kàn ọ́ láìsọ tẹ́lẹ̀?

Wo ọmọkùnrin kan tó ń fẹ́ ọmọbìnrin ní Pópó Àgùdà. Wọ́n pè é wá jẹ frejon ní ọjọ́ Ẹtì Rere. O mọ bí frejon ṣe ń rí: ẹ̀wà dúdú tí wọ́n sè jinná, tí wọ́n lọ̀ kúnná, tí wọ́n fi omi àgbọn àti ṣúgà sí, tí ó ń yọ̀ bọ̀rọ́ lẹ́nu. Ọmọkùnrin yìí kì í lè gbé ohun tó bá rí bẹ́ẹ̀ mì. Ọ̀fun rẹ̀ máa ń tì ni. Kíkọ oúnjẹ ìyá ìyàwó sì rèé, ọ̀ràn ni. Ó sọ fún ọmọbìnrin náà ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú. Ọmọbìnrin sọ fún ìyá rẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé abọ́ dé, gàrí àti ọbẹ̀ ẹja díndín ni wọ́n gbé síwájú rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ, ó jẹun, ó yó, ó dúpẹ́. Ìyá yẹn sọ fún mi pé òun fẹ́ràn ọmọ tí kì í ṣàbòsí.

Wàyí o, ohun méjì ló ń ba ọ̀rọ̀ yìí jẹ́ lọ́wọ́ àwọn ọmọ. Ìkánjú ni àkọ́kọ́.

Wọ́n ń sọ pé Èkó ò gba gbẹ̀rẹ́. Ti ọjà nìyẹn, ti mọ́tò nìyẹn. Ìfẹ́ gba gbẹ̀rẹ́. Mo mọ ọmọ kan tó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ọmọbìnrin lórí WhatsApp. Ó rí i pé àmì méjì yẹn ti di búlúù, kò sì sí èsì. Ó tún kọ òmíràn. Ó bèèrè ohun tó ṣe. Ó bẹ̀bẹ̀. Nígbà tó di aago méjì òru, ó ti kọ ohun tó kún ojú fóònù. Ọmọbìnrin ọ̀hún ti sùn lọ láti aago mẹ́wàá. Nígbà tó jí tó rí gbogbo rẹ̀, ẹ̀rù bà á, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Kò sí ibi kankan lọ́kàn ọmọkùnrin náà. Ìpayà ló ń tẹ bọ́tìnnì.

Ẹ dá àdéhùn. Bi í pé, "Ìgbà wo lo máa ń ráyè dá ènìyàn lóhùn?" Bó bá ní alẹ́, retí alẹ́. Bí alẹ́ bá kọjá, kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lọ́jọ́ kejì. Gbé fóònù sọ́wọ́ àbúrò rẹ bí ọwọ́ bá ń yún ọ. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ìkánjú mìíràn tún ni ti ìgbéyàwó. Àwọn ẹbí ń bi ọ́ ní gbogbo òde pé ìgbà wo làwọn máa jẹ ìrẹsì. O bá rí ẹnì kan tó fi inúure hàn sí ọ, o fẹ́ bá a dá ọjọ́ ní ìpàdé kẹta. Rọra. Inúure kì í ṣe ìfẹ́ ní gbogbo ìgbà. Bi í pé, "Ṣé ọ̀rẹ́ lásán la jẹ́, àbí a ń fẹ́ra?" Má ṣírò rẹ̀, bi í. Àwọn oníjìbìtì orí íntánẹ́ẹ̀tì sì ń wá ẹni tó ń gba ọ̀rọ̀ gbọ́ bó ṣe jáde lẹ́nu. Ẹni tí o kò tí ì fojú rí tó ń tọrọ owó, kì í ṣe olólùfẹ́ rẹ. Má fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́. Sọ fún alárinà rẹ lọ́jọ́ náà gan-an. Bí gbogbo ẹgbẹ́ rẹ bá ti ṣègbéyàwó, jẹ́ kí wọ́n ṣe é. Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba.

Ìgbéraga ni èkejì, òun ló sì burú jù, nítorí ó máa ń wọ aṣọ ọgbọ́n.

Ìgbéraga ló ń mú kí o máa ṣe bí ẹlòmíì. O wo bí ọ̀rẹ́ rẹ ṣe ń rẹ́rìn-ín, o kọ́ ẹ̀rín náà. O wo bó ṣe ń ju ọwọ́, o ju tìrẹ. O ṣe é fún wákàtí mẹ́ta, ó sì dà bíi pé ó yọrí sí rere. Lẹ́yìn náà o sùn fún ọjọ́ méjì bí ẹni tó ru sìmẹ́ńtì. Ọmọ mi, ẹni tó fẹ́ràn ẹni tí o ń ṣe bíi rẹ̀ kò tí ì rí ọ. Ṣé wàá máa ṣe bẹ́ẹ̀ lọ nínú ilé ọkọ tàbí lójú aya, ní òwúrọ̀, ní ọ̀sán, ní òru?

Ìgbéraga náà ló ń mú àwọn òbí kan fi ọmọ wọn pamọ́. Wọ́n ní kí orúkọ ìdílé má bàjẹ́. Wọ́n mọ̀ pé àwọn àna máa ṣe ìwádìí, wọ́n á bèèrè bóyá wèrè wà nínú ẹbí, bóyá wárápá wà. Wọ́n bá di ẹnu ọmọ. Mo wà níbi ìjókòó ẹbí kan tí irú rẹ̀ tú síta nígbà tí aṣọ ẹbí ti délé aránṣọ. Ohun tó bí àwọn àna nínú kì í ṣe ọ́tísíìmù. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó sọ ọ́ lójú gbogbo wa pé bí wọ́n bá ti sọ fún àwọn ní ìbẹ̀rẹ̀, àwọn ì bá ti bèèrè ohun tó túmọ̀ sí, kó sì parí síbẹ̀. Irọ́ ló ba orúkọ ilé yẹn jẹ́. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Ọ́tísíìmù kì í ṣe wèrè, kì í sì í ṣe ẹ̀gàn.

Ìgbà wo wá ni kí o sọ ọ́? Má sọ ọ́ ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ bí ẹni tó ń jẹ́wọ́ ọ̀ràn. Má sì jẹ́ kó di ọjọ́ ìdána. Nígbà tí ẹ bá ti pàdé bí ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, tí o rí i pé ẹni náà ń fi sùúrù gbọ́ ọ, sọ ọ́ jẹ́jẹ́. Sọ pé, "Bí wọ́n ṣe bí mi nìyí. Tí o bá fi ojú sọ̀rọ̀, mo lè má gbọ́. Tí inú bá ń bí ọ, sọ fún mi pé inú ń bí ọ, kí o sọ ohun tó fà á. Èmi náà á máa sọ tèmi." Lẹ́yìn náà, dákẹ́, kí o jẹ́ kó bèèrè. Kọ ọ́ sílẹ̀ nínú ìwé bí ẹnu rẹ bá ń wúwo. Kò sí èèwọ̀ níbẹ̀.

Ó lè ní rárá. Ó dùn mí láti sọ, ṣùgbọ́n ó lè ní rárá. Rárá kì í ṣe àbọ̀ ọ̀rọ̀. Odindi ni. Bí wọ́n bá sọ fún ọ pé obìnrin kì í tètè jẹ́ hẹn, pé kí o máa tẹ̀lé e títí, má gbọ́. Bí o kò bá mọ ohun tí ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ túmọ̀ sí, bèèrè lẹ́ẹ̀kan, ní gbangba: "Ṣé o fẹ́ kí n máa pè ọ́, àbí kí n dáwọ́ dúró?" Bó bá ní kí o dáwọ́ dúró, dáwọ́ dúró. Bí èsì kò bá wá, dáwọ́ dúró bákan náà. Má lọ dúró dè é níwájú ṣọ́ọ̀bù. Sunkún nílé, ká gbé e mì pọ̀.

Ọmọ mi obìnrin, tìrẹ tún wà. Àwọn ènìyàn burúkú máa ń rí ẹni tó ń gba ọ̀rọ̀ gbọ́ láti òkèèrè. Ibi tí ènìyàn wà ni kí o ti pàdé ẹni tuntun. Fi ibi tí ò ń lọ àti aago tí wàá dé lé ẹnì kan nílé lọ́wọ́. Bí ara rẹ bá sọ pé ọwọ́ yìí ò dára, kò dìgbà tí o bá rí àlàyé fún un kí o tó dìde. O lè dìde láìwí nǹkan kan. Ẹ̀kọ́ ilé ò ní kí o jókòó ti ẹni tó ń ṣe ọ́ níbi.

Bí ìpayà bá wá ju èyí lọ, tí ó ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ, tí o kò lè jáde mọ́, wá oníṣègùn. Ilé ìwòsàn ọpọlọ ti ìjọba àpapọ̀ ní Yábà ti wà láti ọdún 1907, ilé ìwòsàn LUTH sì wà ní Ìdí-Àràbà. Má jẹ́ kí "Yábà Left" táwọn ọmọ ìgboro fi ń ṣẹ̀sín dá ọ dúró sílé. Àwọn tó ń wọ ibẹ̀ lójoojúmọ́ ní iṣẹ́, ní ilé, ní ọmọ. Àgbà tó bá ní àdúrà nìkan ló tó, sọ fún un pé ẹ̀ ń gbàdúrà, ẹ sì tún ń lọ.

Ó kù ọjọ́ díẹ̀ kí Sátidé pé. Má parọ́ àìsàn. Mú fóònù rẹ lónìí, kọ ibi tí ẹ ó ti pàdé sí i, kọ aago tí ẹ ó bẹ̀rẹ̀ àti aago tí ẹ ó túká, kí o sì fi ọ̀rọ̀ kan kún un: "Mo ń retí rẹ, ẹ̀rù sì ń bà mí díẹ̀." Òtítọ́ ni, kò sì tini lójú. Bó bá dáhùn pé ẹ̀rù ń ba òun náà, ẹ ti ní nǹkan tí ẹ máa kọ́kọ́ sọ. Bó bá fi ṣe yẹ̀yẹ́, o ti mọ̀ ọ́n kí o tó san owó ọkọ̀. Ọ̀nà méjèèjì, ìwọ lo jèrè. Lọ, ọmọ mi. Orí rẹ á bá ọ yan ẹni tó máa gbọ́ odindi ọ̀rọ̀.